Gìtá Béèsì Olówó Gọbọi: Ǹjẹ́ Ó Tó Iye tí Wọ́n Ń Pè É?



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń gbé ní Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 22, ni ó ń ta gìtá béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ náà kì í mutí, kì í rin ìrìn òru, kò sì pa ọjọ́ ìdánrawò kan jẹ rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó rí àwòrán gìtá béèsì kan tí a fi ọwọ́ ṣe ní ìlú New York, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti ní ìsinmi mọ́. Ó ní bí òun bá ní irú rẹ̀, òun yóò di ẹni tí gbogbo Èkó yóò máa pè sí òde. Ó ní kí bàbá ta ilẹ̀ kékeré tí ó rà sí ọ̀nà Ìgàndo, kí ìyá sì yọ owó àjọ tí ó ń dá nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìyá fẹ́ ṣe é. Bàbá kò fẹ́. Ọmọ sì ti sọ pé bí òun kò bá rí i gbà, òun yóò fi gìtá títa sílẹ̀ pátápátá. Bàbá náà wá bi wá léèrè pé: "Ǹjẹ́ pákó àti okùn mẹ́rin lè tó iye owó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti Ṣáṣá rìn lọ sí Akówónjo tàbí sí Ẹgbẹ́dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò gbọ́ bí ohùn béèsì ti ń jáde láti ilé ìjọsìn kan dé èkejì, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin, àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin díẹ̀ pẹ̀lú, ni ó ti fi ohun èlò yìí ṣe àyànfẹ́. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó sàn kí a dá bàbá yìí lóhùn ní gbangba. A kò ní dáhùn bí àwọn àgbà tí ń pe gbogbo ohun tí wọn kò mọ̀ ní òfò. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dáhùn bí ọlọ́jà tí ń yin ọjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò tibi-tire.

Ohùn béèsì ni ìpìlẹ̀ ilé orin. Ẹni tí ó bá wọ inú ilé kì í wo ìpìlẹ̀. Ògiri àti òrùlé ni yóò máa yìn. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo ará ilé ni yóò mọ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí kí òyìnbó tó gbé gìtá oníná dé. Ẹ rántí àgídìgbo, àpótí onígi tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí a sì ń fi ìka ta. Òun ni ó ń gbé ìdí orin ró nínú àpàlà Haruna Ishola. Òun náà ni Fatai Rolling Dollar ń ta nínú ẹgbẹ́ J. O. Araba láàárín ọdún 1950 sí 1960. Àwọn àgbà sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé ọlọ́rọ̀ ní í jó o.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ohun èlò ńlá kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n ń gbé dúró láti fi ta ohùn ìsàlẹ̀ yìí. Ó ṣòro láti gbé kiri, ohùn rẹ̀ sì máa ń rì nígbà tí ìlù àti fèrè bá pọ̀. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender, ọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California, mú gìtá béèsì oníná tirẹ̀ jáde, tí ó sì pè é ní Precision. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kò sí àṣìṣe: irin wẹ́wẹ́ tí a tò sí ọrùn rẹ̀ ń sọ ibi tí ohùn wà gan-an fún ìka. Fender fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ohun tí ó mọ̀ ni bí a ti í ṣe ohun èlò tí òṣìṣẹ́ lè rà, tí ó lè bọ́ sílẹ̀ kí ó má fọ́, tí a sì lè tú ọrùn rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí a fi òmíràn dípò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé èyí: irinṣẹ́ ni gìtá béèsì nígbà tí ó dé ayé, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹgbẹ́ olórin háíláìfù àti ti jùjú gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìgbà náà yóò rántí bí ó ti ń rọra sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ gìtá mìíràn àti gángan nínú orin Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé. Nínú ẹgbẹ́ Africa 70 ti Fela Aníkúlápó-Kútì, gbólóhùn béèsì kúkúrú kan lè máa yí po fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìyípadà, síbẹ̀ òun ni ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Láti òde ijó ni ó ti wọ inú ìjọ, lónìí kò sì sí ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ ẹ.

Báwo ni irinṣẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe wá di ohun olówó gọbọi? Àìní àwọn ọ̀gá ni ó bí i. Ní ọdún 1969 ni àwọn kan ní California dá ilé iṣẹ́ Alembic sílẹ̀, nítorí pé ohùn gìtá tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe kò mọ́ tó lójú wọn. Ní ọdún 1972 wọ́n ṣe béèsì fún Jack Casady; lẹ́yìn náà Stanley Clarke gba tirẹ̀, ó sì fi í hàn gbogbo ayé pé béèsì lè jáde síwájú kí ó kọ orin tirẹ̀. Ní ọdún 1975, Anthony Jackson, atabéèsì kan ní New York, rí i pé okùn mẹ́rin kò tó fún ohun tí ó wà lọ́kàn òun. Ó lọ bá Carl Thompson pé kí ó ṣe olókùn mẹ́fà fún òun. Ní ọdún 1982 Hans-Peter Wilfer dá Warwick sílẹ̀ ní Jámánì. Ní ọdún 1983 Vinny Fodera àti Joey Lauricella ṣí ilé iṣẹ́ Fodera ní Brooklyn, ní ọdún náà gan-an ni Victor Wooten, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ra ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Òun ni ó sì fi di ẹni tí gbogbo atabéèsì ayé mọ̀.

Ẹ kíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ti tò. Ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ kọjá irinṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá irinṣẹ́ tí yóò bá ọwọ́ wọn mu. A kò gbọ́ pé ẹnìkan nínú wọn kọ́kọ́ ra irinṣẹ́ kí ọwọ́ tó wá bá a.

Ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ nípa àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí pẹ̀lú: wọn kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n, gìtá díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe lọ́dún. Wọn a ṣa igi tí ó ti gbẹ fún ọdún pípẹ́. Wọn a lẹ oríṣiríṣi igi pọ̀ fún ọrùn kan kí ó má baà tẹ̀. Wọn a fi ọwọ́ dán irin wẹ́wẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka kò fi ní mọ ibi tí ó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn nínú igi náà ń ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Igi ovangkol tí Warwick fi ń ṣe ọrùn gìtá ń hù nínú igbó láti Ivory Coast dé Gabon, kò sì yọ Nàìjíríà sílẹ̀. Bubinga tí wọ́n fi ń ṣe ara rẹ̀ ń ti Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ àyíká rẹ̀ wá. A sì ti gé e débi pé ní ọdún 2017 gbogbo orílẹ̀-èdè fi òfin ká òwò rẹ̀ mọ́. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé igi tí ó jáde kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ń padà wá bá wa ní ìlọ́po owó tí àgbẹ̀ tí ó bá a nínú igbó kò lè ka tán.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí akọ̀wé ti í ṣírò. Béèsì Fodera tí a ṣe ní àkànṣe fún oníbàárà ń kọjá 10,000 dọ́là ti Amẹ́ríkà. Ti Alembic tí ó ga jù tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka dọ́là kan sí náírà 1,500, gẹ́gẹ́ bí ó ti sún mọ́ ní ìparí ọdún 2024, náírà 15,000,000 ni èyí, kí a tó san owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ibodè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde náírà 85,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń gba owó yìí yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù 176, èyí ni ọdún 14 àti oṣù mẹ́jọ, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí ó tó lè ra gìtá kan. Ṣùgbọ́n béèsì Squier, tí ilé iṣẹ́ Fender ń mú jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa wà ní ìwọ̀n 250 dọ́là, èyí tí í ṣe náírà 375,000: owó iṣẹ́ oṣù mẹ́rin àti díẹ̀. Béèsì kan tó ìlọ́po 40 ti èkejì ní owó. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ó tó ìlọ́po 40 ní ohùn?

A dáhùn láìfi ohunkóhun bò pé kò tó bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Láti orí béèsì burúkú dé orí béèsì tí ó dára níwọ̀nba, ìyàtọ̀ pọ̀ gidigidi. Béèsì burúkú ni èyí tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́, tí irin rẹ̀ ń ya ìka, tí ń hu bí oyin nígbà tí a bá so ó mọ́ iná, tí kò sì lè mú ohùn dúró láti orin kìíní dé èkejì. Irú èyí kò yẹ ní rírà fún ọmọ, nítorí pé yóò jẹ́ kí ó rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta. Láti orí èyí tí ó dára níwọ̀nba dé orí èyí tí ó dára gan-an, ìyàtọ̀ wà, ẹni tí ó ti ń ta á pẹ́ yóò sì mọ̀ ọ́n: ohùn rẹ̀ dọ́gba láti òkè ọrùn dé ìsàlẹ̀, kò wúwo ní èjìká, okùn karùn-ún tí ó nípọn jù lọ kì í kùn lásán. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí olówó gọbọi, ohun tí owó ń rà ni ẹwà igi, àkókò oníṣẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́, àti ayọ̀ pé a ṣe é fún ìwọ nìkan. Ohun rere ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ ẹni tí ó jókòó ní ìlà kẹta nínú ìjọ kò ní gbọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ni a fi ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 2010, ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, a kó fayolíìnì mẹ́fà jọ: mẹ́ta tuntun, mẹ́ta ti àtijọ́, méjì nínú ti àtijọ́ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Stradivari ará Ítálì, tí owó wọn kò ṣeé fẹnu sọ. A wọ ìgò dúdú sí ojú àwọn ọ̀gá atafayolíìnì 21, a sì ní kí olúkúlùkù ta gbogbo rẹ̀, kí ó yan èyí tí yóò fẹ́ gbé lọ sí ilé. Àwọn 13 yan tuntun. Ní ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Yunifásítì Lancaster ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí gìtá mẹ́fà tí ó jọra nínú ohun gbogbo, àfi igi ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ wọn. Igi òmíràn wọ́n gan-an, òmíràn kò wọ́n. Àwọn atagìtá 52 ta wọ́n nínú òkùnkùn, iye tí wọ́n sì fún ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Lóòótọ́, fayolíìnì kì í ṣe béèsì, gìtá tí kò lo iná kì í sì í ṣe gìtá oníná. Ṣùgbọ́n bí igi kò bá dá yàtọ̀ níbi tí igi nìkan ti ń dún, mélòó mélòó ni ibi tí òòfà ti ń gba ohùn okùn, tí wáyà ń gbé e, tí ẹ̀rọ sì ń sọ ọ́ di ńlá? Ojú ni ó ń sọ fún etí ohun tí yóò gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ó ti yí padà. Ní ìgbà tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀, gìtá olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ohun ẹ̀gàn lóòótọ́. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹ̀rọ tí ń gé igi ní Indonesia àti ní China, kì í sì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣì í gé. Gìtá akẹ́kọ̀ọ́ ti òde òní sàn ju ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ọ̀gá ìgbà àtijọ́ fi dá orúkọ sílẹ̀.

Ẹ sì wo James Jamerson, ẹni tí ó ta béèsì sínú àìmọye orin tí ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit ṣe tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Fender Precision tí a ṣe ní ọdún 1962 ni ó ń lò, èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń ta á, wọ́n sì máa ń ròyìn rẹ̀ pé kì í pààrọ̀ okùn àfi bí ó bá já. Bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àwọn olè jí béèsì náà ní ọdún 1983, ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú. Wọ́n jí pákó, wọn kò lè jí ìka.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Ṣáṣá. Okùn tí ó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ sípíkà ẹlẹ́nu ńlá àti ẹ̀rọ tí ó ní agbára, tí a yà sọ́tọ̀ fún béèsì nìkan. Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa? A máa ń so béèsì, dùùrù oníná, àti ohùn oníwàásù mọ́ sípíkà kan náà. Ìlù ń dún kíkan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páànù òrùlé ń gbọ̀n. Iná ń lọ, a ń tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà sì ń kùn sínú wáyà. Ẹni tí ó bá gbé gìtá 15,000,000 sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó bu òróró olóòórùn dídùn sínú ìkòkò tí ó ti lu. Bí a bá mú ìdá díẹ̀ nínú owó náà ra ẹ̀rọ béèsì tí ó dára, ìjọ yóò mọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi a máa mí. Nígbà òjò a máa wú, nígbà ọyẹ́ a máa sún kì, ọrùn gìtá a sì tẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn náà tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè yí díẹ̀ láti tọ́ ọ; yóò sì tún gíga okùn ṣe kí ìka má baà ṣiṣẹ́ àṣedànù. Béèsì 375,000 tí a tún ṣe dáradára, tí a sì fi okùn tuntun sí, yóò rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ju béèsì olówó gọbọi tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú láti ìgbà tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ta ni kí ó wá ra béèsì olówó gọbọi? A fi ìbéèrè mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní: ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ ti kọjá èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, tí o fi lè dárúkọ ohun tí ó kọ̀ láti ṣe fún ọ? Bí o kò bá lè dárúkọ rẹ̀, kò tíì sí. Èkejì: ǹjẹ́ béèsì ni ó ń bọ́ ọ, tí owó tí o ń rí nídìí rẹ̀ lè san iye rẹ̀ padà ní ìwọ̀nba ọdún? Ẹ̀kẹta: bí olè bá gbé e lọ ní alẹ́ òní, ṣé ilé rẹ yóò ṣì jẹun ní ọ̀la? Ẹni tí ó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ra á pẹ̀lú ọkàn tí ó mọ́, kí ó sì yọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́. Ẹni tí ó sì jẹ́ ọlọ́rọ̀, tí ó fẹ́ ẹ nítorí ẹwà rẹ̀, bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ra aṣọ òkè tàbí iyùn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé.

Ìwọ bàbá tí o kọ̀wé sí wa, ìdáhùn wa nìyí. Má ṣe ta ilẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan owó àjọ ọmọbìnrin yẹn. Owó náà ti ní orúkọ tí a fi pè é. A kì í fi orúkọ ọmọ kan sọ èkejì. Bí a bá mú un lọ ra gìtá, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀gbọ́n bá gbé béèsì náà kọ́ ọrùn, àbúrò yóò máa wo ilé-ẹ̀kọ́ tí kò wọ̀ tí ó ń fì ní èjìká rẹ̀. Kò sí ohùn dídùn kan tí ó lè bo irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti fi ẹ̀rín ẹ̀gàn kan pa ẹ̀bùn tí kò lè jí dìde mọ́. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta wá sí ìdánrawò láìpa ọjọ́ kan jẹ ti fi hàn pé ìfẹ́ òun kì í ṣe ti ẹnu. Pè é jókòó. Fi ìṣirò tí a ṣe lókè yìí hàn án. Bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà, kí o sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn náà, bí agbára rẹ bá gbé e, bá a wá béèsì tòkúnbọ̀ kan tí ó dára níwọ̀nba. Kí ẹni tí ó mọ béèsì ta bá yín lọ, kí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kí owó tó jáde lápò. San owó àtúnṣe rẹ̀. Wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ láti ka orin tí a kọ sílẹ̀, nítorí pé atabéèsì tí ó lè ka orin ni a ń pè sí ibi tí owó wà. Kí ọmọ náà pẹ̀lú máa fi ìdá kan nínú ohunkóhun tí ó bá rí gbà lóde pamọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kọjá, tí ó ṣì fẹ́ olówó gọbọi, kí ó fi owó ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. A rò pé nígbà náà yóò ti mọ iye tí ó tọ́.

Ìwọ ìyá, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú ọ fẹ́ ṣe é, ìwọ kò sì fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ kí ó rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni o bí.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, a bá ọ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ràn ohun tí o fẹ́ràn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gìtá Victor Wooten ni aṣọ. Ọdún tí ó fi jókòó tì í ni àkísà. Èyí tí o lè rí gbà lónìí láìta ilẹ̀ ẹnikẹ́ni ni àkísà náà: wákàtí méjì lójúmọ́, pẹ̀lú aago tí ń ka ìwọ̀n orin níwájú rẹ. Kí o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí o sọ pé ìwọ yóò fi gìtá sílẹ̀ bí a kò bá ra èyí fún ọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn orin. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán ni. Ìwà rẹ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fi hàn pé o sàn ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

A kò lè parí láìbá àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ sọ̀rọ̀. Ìdí kan tí àwọn ọmọ wa fi ń fi ilé wọn sínú ìyọnu nítorí ohun èlò ni pé ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò wọ́n láìpèsè fún wọn. Ìjọ tí ó bá fẹ́ béèsì nínú ìsìn rẹ̀, kí ó ra béèsì kan tí ó mọ́gbọ́n dání, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní ìjọ, kí ó wá àpò rẹ̀ àti ibi tí a óò máa tì í pa, kí ó sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún okùn àti àtúnṣe. Kí a má ṣe bu owó lé àwọn opó àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti fi ra orúkọ ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láti orí ìjókòó rẹ̀. Kí a sì rántí láti kọ́ ju ọmọ kan lọ, kí ìjọ má baà dákẹ́ ní ọjọ́ tí atabéèsì kan ṣoṣo bá rìnrìn àjò.

Ohun tí ó wọ́n lè dára, ohun tí ó dára sì lè wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́n ni ó sọ ọ́ di dáradára. Oníṣẹ́ Brooklyn yẹ fún owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in. Ẹni tí kò ní in kò pàdánù orin kankan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ní ìka mẹ́wàá, etí méjì, àti sùúrù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí olúkúlùkù ilé wọn ìtẹ́ tirẹ̀ kí ó tó lọ sí ọjà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.